Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́: kí ni òfin Nàìjíríà ń dá dúró gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ dákun ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìkòròdú là ń gbé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ọdún 16. Ọkùnrin tó ń kọ́ wọn ní lẹ́sìnnì fipá bá a lò, oyún sì ti dé. Ilé-ìwòsàn aládàáni tá a gbé e lọ ní àwọn ò fẹ́ wàhálà, pé òfin ò gbà á. Ẹni tó ni kẹ́míìsì iwájú ilé wa ní ká wá owó, oògùn wà lọ́wọ́ òun. Bàbá ọmọ ní kò sẹ́ni tó máa ṣẹ́yún nínú ilé òun, pé ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi í fẹ́kùn pa jẹ. Ìyá ẹ̀ ò jẹun mọ́. Kí lòfin wí? Kí ló tọ́ ká ṣe? Ẹ má sì bínú o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé kíjọba fàyè gba oyún ṣíṣẹ́, ṣé kì í ṣe pé ẹ fẹ́ sọ àwọn ọmọbìnrin wa di oníṣekúṣe ni?

* * *

Èyí tó ń kánjú ni màá kọ́kọ́ dáhùn. Ẹ má gba oògùn kankan lọ́wọ́ ẹni kẹ́míìsì yẹn. Ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù ìjọba tó ní dókítà àwọn aboyún, lọ́la, kì í ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí wọ́n wo iye ọ̀sẹ̀ tí oyún náà jẹ́, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò fún HIV àtàwọn àrùn yòókù. Nínú ọgbà LASUTH, ọsibítù ńlá ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, Mirabel Centre ti wà láti ọdún 2013 fún àwọn tí wọ́n fipá bá lò, wọn kì í sì gbowó lọ́wọ́ wọn. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú, àmọ́ ìtọ́jú ò gbọdọ̀ dúró de ìwé ọlọ́pàá.

Òfin ńkọ́? Ìwé òfin ọ̀ràn dídá tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà, abala 228: ẹni tó bá bá obìnrin ṣẹ́yún, ẹ̀wọ̀n ọdún 14. Abala 229: obìnrin tó ṣẹ́ tiẹ̀, ọdún 7. Abala 230: ẹni tó ta oògùn tàbí irinṣẹ́, tó sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ọdún 3. Kódà bí obìnrin náà ò bá lóyún rárá, tó ṣáà rò pé òun lóyún tó sì lo nǹkan, òfin mú un. Abala 297 nìkan ló yọ ẹnì kan sílẹ̀: dókítà tó fi òótọ́ inú àti ìmọ̀ iṣẹ́ ṣe é kó lè gba ẹ̀mí ìyá là. Èkó ní ìwé òfin tiẹ̀ láti 2011, ó sì fi ìlera ara ìyá kún ẹ̀mí ìyá. Nínú gbogbo ẹ̀, kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ ọmọ tí wọ́n fipá bá lò. Bí mo bá sọ èyí fáwọn èèyàn, wọn kì í gbà mí gbọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Lọ́dún 1938, ní London, àwọn ṣọ́jà fipá bá ọmọ ọdún 14 lò, ó sì lóyún. Dókítà kan tó ń jẹ́ Aleck Bourne ṣẹ́ ẹ fún un láìgba kọ́bọ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sì ké sí ọlọ́pàá pé kí wọ́n wá mú òun. Adájọ́ sọ fáwọn ìgbìmọ̀ ará ìlú tó fẹ́ dá ẹjọ́ náà pé bí oyún náà bá máa sọ ọmọ yẹn di ẹni tí ara tàbí ọpọlọ ẹ̀ bà jẹ́ pátápátá, a lè sọ pé ẹ̀mí ẹ̀ ni dókítà ń dáàbò bò. Wọ́n dá a sílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà náà tẹ̀ lé irú ìtumọ̀ yẹn nínú ẹjọ́ Edgal. Orí ìyẹn làwọn lọ́yà wa ṣì ń dúró. Torí náà, bí dókítà bá ní “òfin ò gbà á”, nígbà mìíràn ohun tó ń sọ ni pé ẹ̀rù ń ba òun. N ò dá a lẹ́bi, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni òfin, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀rù. Ẹ wá dókítà méjì tó dàgbà nínú iṣẹ́ kí wọ́n yẹ ara àti ọkàn ọmọ náà wò, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Ẹ wá lọ́yà.

* * *

Ọ̀rọ̀ “oníṣekúṣe” yẹn wá dùn mí díẹ̀, kí n má parọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ agbẹ̀bí ní ọsibítù ìjọba. Àwọn tí wọ́n ń gbé wá sí wọ́ọ̀dù wa lóru, tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára wọn, kì í ṣe àwọn ọmọ kékeré aláṣejù nìkan. Abilékọ pọ̀ níbẹ̀ jù bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin tí ọkọ ẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ìfètòsọ́mọbíbí létí. Ẹni tí àbíkẹ́yìn ẹ̀ ò tíì já ọmú. Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún nígbà tó bí ẹ̀ẹ̀mẹta, tí dókítà sì kìlọ̀ fún un. Wọ́n á ní oyún ló kàn ń bà jẹ́. A ò ní jiyàn, àmọ́ a máa ń rí ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Mo ti rí ẹni tó mu kan-un mọ́ omi òroǹbó wẹ́wẹ́ tó sì fi búlúù ìfọṣọ kún un. Mo ti rí èyí tí ẹnì kan tó pe ara ẹ̀ ní nọ́ọ̀sì ki irin bọ̀ lára, tí irin náà lu ilé-ọmọ jáde tó sì kan ìfun. Ìyẹn kú. Ọjọ́ tó ti ń ṣe é ní ilé kó tó di pé wọ́n gbé e wá ló pa á, torí ìyá ọkọ ẹ̀ ń bẹ̀rù pé wọ́n á fà wọ́n fún ọlọ́pàá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ sì sọ fún ará ilé yín: títọ́jú obìnrin tí oyún bà jẹ́ lára ẹ̀, ìbáà jẹ́ òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ bà á jẹ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin kankan ní Nàìjíríà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, bí ara bá ń gbóná, bí ikùn bá le, ọsibítù ló kàn. Kó sọ ohun tó lò fún dókítà.

* * *

Ẹnì kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé béèrè bóyá òótọ́ ni pé ẹni tó bá ṣẹ́yún ò ní rí ọmọ bí mọ́. Bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ, ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìdọ̀tí ló ń ba ilé-ọmọ jẹ́: kòkòrò tó wọnú ẹ̀, irin tó ha á kọjá bó ṣe yẹ. Ó yá, ká tẹ̀ síwájú.

* * *

Mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ wá lórí ìdáhùn mi. Ẹ jẹ́ kí n kó o jọ bó ṣe yé mi.

Àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn onígbàgbọ́ yòókù ní láti ọjọ́ tí oyún ti dúró ló ti di èèyàn, ẹni tó bá ṣẹ́ ẹ pààyàn, kò sì sí “bó bá ṣe pé” níbẹ̀. Ààfáà kan ṣàlàyé pé nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, hádíìsì sọ pé lẹ́yìn 120 ọjọ́ ni wọ́n ń fẹ́ ẹ̀mí sínú ọmọ, ìyẹn ló fà á táwọn onímọ̀ kan fi gba ẹni tó ní ìdí pàtàkì láyè ṣáájú àkókò yẹn, táwọn mìíràn ò sì gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn 120 ọjọ́, àfi bí ẹ̀mí ìyá bá wà nínú ewu. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní ara òun ni, kò kan ẹnikẹ́ni. Bàbá kan ní àwọn baba ńlá wa ò mọ irú èyí rí.

Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ lọ bi àwọn ìyá tó ń ta ewé lọ́jà Oyíńgbò tàbí Bódìjà bóyá àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta àgbo fún ẹni tí nǹkan oṣù ẹ̀ dúró. Ohun tí a kì í sọ síta kọ́ ni ohun tí kò sí.

Ìwọ ọ̀dọ́mọbìnrin yẹn náà, n ò bá ẹ lọ délé. Mo ti gba ọmọ oṣù mẹ́fà tó tètè dé sọ́wọ́ mi, tó mí, tó gbé. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi pé kò ju ẹran ara lọ. Èmi fúnra mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣẹ́yún rí, àfi kí n bá wọn kó èyí tó ti bà jẹ́ kúrò. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, mo sì gbà pé ohun tó wúwo níwájú Ọlọ́run ni.

Síbẹ̀, ohun tí mo rí yàtọ̀ sí ohun tí mo gbà gbọ́. Wọ́n fojú díwọ̀n pé lọ́dún 2012 nìkan, oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní Nàìjíríà tó mílíọ̀nù kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin mílíọ̀nù, lábẹ́ òfin ọdún 14 àti ọdún 7 yìí náà. Ta ló dá dúró? Ọmọ olówó lọ sí ilé-ìwòsàn tó mọ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n fọ ilé-ọmọ fún un, ó padà sílé lọ́jọ́ náà. Ọmọ ẹni tó ń ta ẹ̀kọ lọ sí kẹ́míìsì. Mo lè bá yín jókòó jiyàn lórí ẹ̀ṣẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀wọ̀n ni n ò rí ìwúlò ẹ̀.

* * *

Ìdáhùn sí ẹni tó ní “bí ẹ bá fàyè gba ti ẹni tí wọ́n fipá bá lò, gbogbo obìnrin ló máa sọ pé wọ́n fipá bá òun lò.”

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan parọ́. Kò sí òfin tí wọn ò parọ́ lábẹ́ ẹ̀. N ò tiẹ̀ ní fi àpẹẹrẹ ìlú òyìnbó pamọ́: òfin ọdún 1967 ní Bìrìtéènì sọ pé dókítà méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì mọ̀ pé ìfọwọ́sí yẹn kì í le. Ẹni tó bá ní ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ kọ́ la máa parí ẹ̀ sí, òótọ́ ló sọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa nígbà tá a gbìyànjú ẹyọ kan. Ní 28 Okúdù 2022, ìjọba Èkó gbé ìwé ìtọ́sọ́nà jáde fáwọn dókítà lórí oyún tí òfin ti gbà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n ṣẹ́. Kì í ṣe òfin tuntun. Ìwé tó kàn sọ fún dókítà pé èyí ni àìsàn tó lè gba ẹ̀mí ìyá, báyìí ni kó o ṣe ni. Ariwo sọ, àwọn bíṣọ́ọ̀bù sọ̀rọ̀, nígbà tó fi máa di 7 Agẹmọ, gómìnà Sanwó-Olú ti ní kí wọ́n dá a dúró. Ní ìpínlẹ̀ Ímò, wọ́n ṣe òfin tó fàyè gbà á lọ́dún 2012, wọ́n sì pa á rẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Àwọn aṣòfin wa ò fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí rárá. Bẹ́ẹ̀, aboyún tí ọkàn ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa ò lè dúró de ìdìbò.

* * *

Okùnrin kan bi mí pé: “Ẹ̀tọ́ èmi bàbá ọmọ ńkọ́? Àfẹ́sọ́nà mi ṣẹ́ ẹ láìsọ fún mi.”

Ó dùn mí fún ọ, n ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bi àwọn obìnrin ní wọ́ọ̀dù pé ta ló fún ẹ lówó oògùn, orúkọ ọkùnrin ni wọ́n ń dá. Bí ọkùnrin bá ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ bí wọ́n bá ń ka ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó fún wọn lówó náà ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ṣe é.

* * *

Ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ni mo ti ń sá fún.

Tọkọtaya kan kọ̀wé, AS ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ti sin ọmọ kan, èkejì ń wọ ọsibítù bíi pé ilé ẹ̀ ni. Oyún mìíràn ti dé. Wọ́n mọ̀ pé lórí oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ló ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n ní ní ibùdó àwọn aláàrùn fòníkú-fọ̀ladìde ní Ìdí-Àràbà, wọ́n lè mú díẹ̀ lára olóbi ọmọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kọkànlá láti fi mọ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé: bó bá wá jẹ́ SS ńkọ́?

Òfin ò ní ìdáhùn fún wọn. Ìmọ̀ ìṣègùn sọ ohun tó wà nínú, abala 228 sì dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èsì á jáde, dókítà á ní “ẹ lọ rò ó,” kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tọkọtaya á sì wá ibi tí wọ́n ti máa ṣe é fúnra wọn.

N kò tíì kọ ìyẹn tán tí ọmọkùnrin kan fi dáhùn: “Màmá, SS ni mí. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Mo níṣẹ́, mo níyàwó. Bí wọ́n bá yẹ̀ mí wò nígbà yẹn, ṣé ẹ̀yin náà á ní kí wọ́n ṣẹ́ mi?”

Ìyá SS mìíràn dá a lóhùn pé òun fẹ́ràn ọmọ òun dé ikú, pé òun gan-an ló mọ igbe tó ń ké láago méjì òru bí egungun bá ń ro ó, òun ò sì ní fi ìgbé ayé yẹn ránṣẹ́ sí ọmọ mìíràn bí òun bá lè yàn.

Àwọn méjèèjì tọ̀nà lójú mi. N ò ní dá ẹjọ́ yìí. Ohun tí mo lè sọ ni pé kí àwọn tí kò tíì fẹ́ra wọn lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó kó aṣọ ẹbí jọ, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ ká máa ṣẹ́ oyún SS gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń bá wa bá ìjọba jà kí oògùn wọn di ọ̀fẹ́. N ò tíì rí púpọ̀ nínú irú wọn níbi ìjà yẹn. Ìyẹn ń bí mi nínú.

* * *

Àwọn ará òkèèrè náà ti dé.

Ọmọ Kétu kan rán wa létí pé ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibodè wa níbí, ilé aṣòfin dìbò ní 20 Ọ̀wàrà 2021 láti fàyè gbà á títí di ọ̀sẹ̀ 12, bí oyún náà bá máa da ìgbé ayé, ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ obìnrin rú. Mínísítà ìlera wọn nígbà yẹn, Benjamin Hounkpatin, sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 obìnrin tó ń kú lọ́dọọdún nítorí oyún tí wọ́n ṣẹ́ lọ́nà tí kò dáa. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ náà ta kò ó, àmọ́ àwọn aṣòfin ò yí i padà. Tógò ti gbà á láti 2007 fún ẹni tí wọ́n fipá bá lò. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí: ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ àti ọmọ Ìséyìn níbí ń sọ èdè kan náà, wọ́n lè jẹ́ ẹbí, ọ̀kan lè wọ ọsibítù tìgboyà-tìgboyà, èkejì ń wá kẹ́míìsì.

Nọ́ọ̀sì kan láti Houston ní ká ṣọ́ra, pé Amẹ́ríkà náà ti padà sẹ́yìn. Òótọ́ ni. Ìdájọ́ ọdún 1973 tó fún wọn láyè ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn fagi lé ní 24 Okúdù 2022. Ní Texas báyìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí èyí tí wọ́n gbà, dókítà tó bá dán an wò lè lo ayé ẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun kan níbẹ̀: òfin Texas yẹn, pẹ̀lú gbogbo líle ẹ̀, yọ obìnrin tó lóyún sílẹ̀. Dókítà ló ń mú. Tiwa ló ń so ọdún 7 mọ́ obìnrin náà lọ́rùn. Àwọn tó kórìíra oyún ṣíṣẹ́ jù lọ ní Amẹ́ríkà ò ṣe tó wa.

Òyìnbó Bìrìtéènì tó sì gbé òfin yìí fún wa ti yí tiẹ̀ padà láti 1967, ó gbà á títí di ọ̀sẹ̀ 24. Èyí tó wà nínú àpótí wa ni ẹ̀dà òfin wọn ti 1861. Bẹ́ ẹ bá wá ní àṣà Yorùbá là ń dáàbò bò, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀: kí wọ́n yọ ẹ̀wọ̀n obìnrin kúrò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kedere pé ẹni tí wọ́n fipá bá lò, ẹni tí ìbátan ẹ̀ fún lóyún, àti ẹni tí ìlera ẹ̀ wà nínú ewu lè gba ìtọ́jú ní gbangba, ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, kí dókítà tí ẹ̀rí ọkàn ẹ̀ ò gbà á má ṣe é, àmọ́ kó juwe ẹlòmíràn. Oyún tó ti dàgbà láìsí ewu fún ìyá, n ò sí níbẹ̀.

* * *

Àbúrò tó béèrè ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún 16 níbẹ̀rẹ̀ ti padà wá. Ó ní ìyá ọmọ ti gbé e lọ sí ọsibítù ìjọba ńlá kan, ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ni, àwọn dókítà ń ṣèpàdé lórí ẹ̀. Bàbá ṣì ń bínú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ sọ pé òun ò fẹ́ bí i. Mo bi yín, nínú gbogbo ìwé tẹ́ ẹ kọ wá síbí, ta ló béèrè ohun tí ọmọ náà fẹ́?

Ó tún ní ọkùnrin yẹn ṣì ń ṣe lẹ́sìnnì ẹ̀ lọ, pé ẹbí ẹ̀ ti wá bẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú owó.

Ẹ má gba owó wọn. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Èkó sọ di tiẹ̀ ní 2007, ẹni tó bá bá ọmọ tí kò tíì pé 18 lò ń lọ sẹ́wọ̀n gbére, ìbáà ṣe pé ọmọ náà gbà. Bí àwọn dókítà bá fẹnu kò láti ṣẹ́ oyún náà, ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú, ní kíkọ sílẹ̀, pé ẹjọ́ wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà sì wà níbẹ̀ láti gba ohun tí wọ́n bá mú jáde. DNA inú ẹ̀ lè sọ ẹni tó ṣe é láìsí pé ọmọ náà ń ṣàlàyé ara ẹ̀ níwájú adájọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá dà á nù, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn. Ẹ kọ lẹ́tà náà lálẹ́ yìí.